Ọdún Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Nídìí Abẹ

Ní ọdún 1900, níbi Àfihàn Àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Paris, ilé-iṣẹ́ Bethlehem Steel ti Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀, àwọn ẹnjiníà Yúróòpù sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ wo eégún. Irin rọ̀bọ̀tọ̀ kan ń yí lórí ẹ̀rọ náà, abẹ kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń bẹ irin náà bí ẹni ń bẹ iṣu. Èérún irin tó ń já bọ́ ti di aláwọ̀ aró nítorí ooru. Ẹnu abẹ náà fúnra rẹ̀ pọ́n bí ẹyín iná. Síbẹ̀ kò rọ̀, kò kú, ó ń jẹ irin lọ.

Ẹni tó bá ti jókòó nídìí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ rí yóò mọ ìdí tí ẹnu fi yà wọ́n. Láyé ìgbà náà, wọ́n á ki abẹ bọ iná, wọ́n á sì tì í bọ omi kó lè le. Bí ooru bá tún padà mú un títí tó fi pọ́n, líle náà á fi í sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì kú lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ooru ni oníṣẹ́ irin ń sá fún. Bó bá sáré jù, abẹ á gbóná. Bí abẹ bá gbóná, iṣẹ́ dúró títí wọ́n á fi tún un pọ́n.

Lónìí, ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ CNC router, èyí tó ń fi abẹ yíyí gé igi bí kọ̀ǹpútà bá ṣe darí rẹ̀, ì báà jẹ́ Èkó ló ti ń gé pákó MDF fún ilẹ̀kùn, ì báà jẹ́ North Carolina ló ti ń gé plywood fún ọkọ̀ ojú omi, nọ́ńbà méjì kan wà tí kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí abẹ yí ní ìṣẹ́jú kan? Báwo ni kí abẹ náà ṣe yára tó bó ṣe ń la inú igi kọjá? Speeds and feeds ni àwọn Òyìnbó ń pè é, ìyẹn ìyára àti ìtẹ̀síwájú. Èèyàn lè ka méjèèjì lára páálí tí wọ́n kó abẹ sí, kó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà kan, kò sí ìwé kankan láyé tí nọ́ńbà wọ̀nyí wà. Ọwọ́, etí àti ojú àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń gbé, ìjà sì ni wọ́n bá dé inú ìwé.

Frederick Winslow Taylor, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣe abẹ Paris yẹn, ni ìjà náà kàn jù. Wọ́n bí i ní 1856 ní Germantown, ní ìlú Philadelphia, sínú ìdílé tó rí já jẹ. Ó yege ìdánwò láti wọ Yunifásítì Harvard, ṣùgbọ́n ojú tó ń dà á láàmú kò jẹ́ kó lọ. Ní 1874 ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ láti kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ patternmaker ló kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀: kí wọ́n fi igi gbẹ́ ẹ̀dà ohun tí wọ́n fẹ́ rọ, kí wọ́n tẹ igi náà mọ́ iyanrìn, kí wọ́n sì da irin yíyọ́ sí ojú rẹ̀. Igi ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ irin, ó sì yẹ kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà òde òní rántí ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń pe ìmọ̀ yìí ní ti àwọn oníṣẹ́ irin nìkan.

Ní 1878 ó wọ ilé-iṣẹ́ Midvale Steel, ní Philadelphia kan náà, gẹ́gẹ́ bí lébìrà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọ̀gá lórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ lathe, èyí tó ń yí irin kí abẹ lè gé e. Iye ẹyọ iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe ni wọ́n fi ń sanwó fún un níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ sì ti fojú ara wọn rí i pé bí ẹnì kan bá ṣe púpọ̀ lónìí, àwọn olówó á gé owó orí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́la, iṣẹ́ á pọ̀ sí i, owó á sì wà níbi tó wà. Wọ́n wá fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá. Taylor pè é ní ọ̀lẹ. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé ọgbọ́n ni, ọgbọ́n ẹni tí wọ́n ti fi òógùn rẹ̀ jẹ ẹ́ níyà.

Ìjà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta. Taylor ń lé àwọn kan, ó ń gé owó àwọn mìíràn. Ẹ̀rọ ń bàjẹ́ lọ́nà tí kò yé èèyàn, Taylor sì ń bu owó ìtanràn lé àwọn tó wà nídìí rẹ̀. Taylor borí níkẹyìn, ṣùgbọ́n òun náà gbà lẹ́yìn náà pé ìṣẹ́gun kíkorò ni. Ohun kan ló yé e nínú rẹ̀: ọ̀gá kò mọ bí iṣẹ́ ṣe yẹ kó yára tó. Ó jẹ́wọ́ pé bí a bá kó ìmọ̀ gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ òun jọ, ó tó ìlọ́po mẹ́wàá ti òun. Báwo ni ẹni tí kò mọ ibi tí abẹ lè sáré dé ṣe máa sọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n pé kó sáré?

Ní 1880 ó lọ bá William Sellers, ààrẹ Midvale. Sellers kì í ṣe oníṣòwò lásán. Ògbóǹtarìgì nínú ṣíṣe ẹ̀rọ ni, òun ló dábàá ní 1864 ìlànà ojú ìdè tí Amẹ́ríkà wá gbà fún ṣúkúrù àti nọ́ọ̀tì. Taylor ní kó jẹ́ kí òun ná owó díẹ̀ láti fi ẹ̀rọ dán irin gígé wò títí òun á fi mọ òfin tó wà nídìí rẹ̀. Sellers gbà. Wọ́n yan ẹ̀rọ ńlá kan fún un, èyí tó ń gbé ohun tí fífẹ̀ rẹ̀ tó íńṣì 66. Ohun tí wọ́n sì gbé sórí rẹ̀ ni táyà irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, nítorí irin rẹ̀ le, ó sì dọ́gba yíká. Oṣù mẹ́fà ni Taylor rò pé iṣẹ́ náà máa gbà.

Ó gba ọdún 26.

Kò yẹ kí ìyẹn yà wá lẹ́nu bí a bá mọ ohun tó ń wá. Kó tó lè sọ bí abẹ ṣe yẹ kó sáré tó, ó ní láti mọ irú irin tí wọ́n ń gé, irú irin tí wọ́n fi ṣe abẹ, bí èérún ṣe nípọn tó, bí abẹ ṣe wọlé jìn tó, bí ẹnu abẹ ṣe rí, igun tí wọ́n pọ́n ọn sí, bóyá omi ń dà sí i, bí ohun tí wọ́n ń gé ṣe tóbi tó, bí ó ṣe ń gbọ̀n tó, agbára tí ẹ̀rọ ní, àti àwọn mìíràn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Bí ó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ di mọ́kànlá yòókù mú kí wọ́n má yẹ̀. Irin tí kò dọ́gba bíńtín ti tó láti ba ìdánwò ọ̀sẹ̀ kan jẹ́. Ó jọ pé èèyàn ń wá ìdí tí ọbẹ̀ fi dùn, tó wá ní láti se ọbẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan lórí iyọ̀, lẹ́ẹ̀kan lórí ata, lẹ́ẹ̀kan lórí iná, tí igi ìdáná kò sì gbọdọ̀ yàtọ̀ láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Láti mọ̀ bóyá ìyára kan tọ́, wọ́n á jẹ́ kí abẹ máa gé títí yóò fi bàjẹ́ pátápátá. Ìyára tó bá mú abẹ kú ní ìṣẹ́jú 20 gééré ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ní 1881 wọ́n rí i pé abẹ tí ẹnu rẹ̀ ṣe róbótó dára ju ti onígun ṣóńṣó tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń lò. Ní 1883 wọ́n rí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí omi tó pọ̀ bá ń ṣàn sí ibi tí abẹ ti ń pàdé irin, ìyára lè fi ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń fi omi kán irin tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kíkán lásán ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé omi náà lówó tó bẹ́ẹ̀ nínú. Nígbà tí Midvale kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun ní 1884, wọ́n gbé àwo irin sábẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan láti gba omi náà padà.

Ìdánwò náà tẹ̀lé Taylor kúrò ní Midvale. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi mẹ́wàá ló fi irin, òṣìṣẹ́ àti owó ràn án lọ́wọ́, àdéhùn wọn sì ni pé kí wọ́n fi èsì rẹ̀ ṣe àṣírí láàárín ara wọn.

Ní Bethlehem, ní 1898, òun àti Maunsel White tó mọ̀ nípa irin yíyọ́ fẹ́ mọ irú abẹ tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ náà máa rà. Irin kan wà lọ́jà tí Robert Mushet ti England ṣe ní 1868. Ó po tungsten mọ́ ọn, irin náà sì ń le fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ láìtì í bọ omi. Gbogbo alágbẹ̀dẹ ló mọ̀ pé abẹ tí ooru rẹ̀ bá ti kọjá pípọ́n díẹ̀, bí ìwọ̀n 850 Celsius, ti bàjẹ́ nìyẹn. Taylor àti White dán an wò bó ti yẹ, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni, ó ń bàjẹ́. Àmọ́ wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n ń ki í bọ iná síwájú sí i, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé nítorí pé ẹ̀rù ti dá a padà lọ́nà, abẹ tó ní tungsten àti chromium nínú jáde bí nǹkan mìíràn pátápátá. Ìyára rẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì ti àtijọ́. Abẹ tó lọ Paris nìyẹn, high-speed steel sì ni orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibẹ̀ ni ó dùn jù láti rò: àwọn méjì tó gba ọ̀rọ̀ àgbà gbọ́ débi tí wọ́n fi dán an wò, tí wọ́n sì dán an wò kọjá ibi tí àgbà ti dúró.

Irin tuntun náà wá sọ gbogbo ẹ̀rọ di arúgbó lọ́jọ́ kan. Nínú ṣọ́ọ̀bù ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ń yí ọ̀pá gígùn kan lókè àjà, bẹ́líìtì sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ìyára mélòó kan péré ni bẹ́líìtì lè fún ẹ̀rọ. Abẹ lè sáré báyìí, ẹ̀rọ kò lè sáré tẹ̀lé e.

Ìṣòro kan ṣì kù. Wọ́n ti ní òfin, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ le ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nídìí ẹ̀rọ lọ. Taylor gbé e lọ bá àwọn onímọ̀ ìṣirò tó lórúkọ, ó ní òun á san ohun tí wọ́n bá bèèrè. Àwọn kan wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dá a padà; àwọn kan gbà á fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kí wọ́n tó dá a padà. Ní 1899 ni Carl Barth, ọmọ Norway tó ti di ará Amẹ́ríkà, dé Bethlehem. Barth fi gbogbo òfin náà sára ọ̀pá ìṣirò tí a ń fà síwá sẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ ìṣirò rárá á tò ó sí irú irin, irú abẹ àti ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀pá náà á sì sọ ìyára àti ìtẹ̀síwájú fún un kí ìdajì ìṣẹ́jú tó pé. Ohun tí èèyàn ń fi ogún ọdún kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti di ohun tí a lè fi sápò.

Ní oṣù Kejìlá 1906, ní New York, Taylor bọ́ síwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ààrẹ wọn, ó sì tú àṣírí náà. Àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni On the Art of Cutting Metals. Ìdánwò tí wọ́n kọ sílẹ̀ wà láàárín 30,000 sí 50,000. Irin tí wọ́n ti gé di èérún lé ní pọ́n-ùn 800,000, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù 360. Owó tó wọ̀ ọ́ wà láàárín dọ́là 150,000 sí 200,000, ní ayé ìgbà tí dọ́là mélòó kan jẹ́ owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo rẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tó ń dojú kọ oníṣẹ́ lówùúrọ̀: abẹ wo, ìyára wo, ìtẹ̀síwájú wo.

Nínú òfin tó jáde níbẹ̀, ọ̀kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní abẹ lọ́wọ́ mọ̀ sórí. Ìyára ló ń pa abẹ. Bí èèyàn bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún ìyára abẹ high-speed steel, ẹ̀mí abẹ náà á dín sí ohun tí kò tó ìdajì. Bí ó bá jẹ́ pé ìtẹ̀síwájú ló fi ìwọ̀n kan náà kún, abẹ kò ní jìyà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa padà wá nígbà tí a bá dé ìdí router.

Ìyà tí ìmọ̀ yìí mú bá àwọn òṣìṣẹ́ kò ṣeé fò. Nígbà tí ìyára ti wà nínú ìwé, ọ̀gá kò nílò láti bi òṣìṣẹ́ léèrè mọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sórí páálí fún un láti ọ́fíìsì, wọ́n á sì fi aago ka ìṣẹ́jú àáyá tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Barth gbé ètò náà dé Watertown Arsenal, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun èlò ogun ní Massachusetts. Ní oṣù Kẹjọ 1911, àwọn tó ń fi iyanrìn ṣe ojú ìrọ irin níbẹ̀ rí ẹni tó mú aago dúró lórí wọn, wọ́n sì da iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, wọ́n pe Taylor wá sọ tẹnu rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1912. Ní 1915, ọdún tí Taylor kú, òfin jáde pé wọn kò gbọdọ̀ ná owó ìjọba láti fi aago ka iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ irú ilé-iṣẹ́ ológun bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí Taylor rí nínú irin jẹ́ òótọ́, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà sínú òkùnkùn. Ẹ̀bi rẹ̀ wà níbòmíràn: ìmọ̀ tó jẹ́wọ́ pé ó wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá ti òun, ó gbà á lọ́wọ́ wọn, kò sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ kí wọ́n lò ó.

Lẹ́yìn èyí, nǹkan yára. Ní àwọn ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ Krupp ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kábáìdì, ohun tó le ju irin abẹ lọ, lábẹ́ orúkọ Widia, èyí tí wọ́n ṣẹ́ láti inú ọ̀rọ̀ Jámánì tó túmọ̀ sí "bíi dáyámọ́ǹdì". Kábáìdì yìí ni ẹnu abẹ router òde òní. Gọ́ọ̀mù tó wà nínú plywood àti MDF ń jẹ ẹnu irin lásán bí òkúta ìpọ́nbẹ.

Ti router alára, patternmaker mìíràn ni wọ́n ń dárúkọ sí i, R. L. Carter ní ìpínlẹ̀ New York. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó yọ irin eléyín (gear) kan lára ẹ̀rọ iná tí àwọn onígbàjámọ̀ fi ń gẹ irun, ó pọ́n ọn di abẹ, ó so ó mọ́ ọ̀pá mọ́tò, ó sì fi ń gé etí igi. Ilé-iṣẹ́ Stanley ra òwò rẹ̀ ní 1929. Láti ọjọ́ náà ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń di ohun tó ń yí ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú kan mú lọ́wọ́. Ọwọ́ náà ni ìtẹ̀síwájú. Bí ó bá gbọ́ tí igbe mọ́tò yí padà, tàbí tí òórùn igi jíjó kàn án nímú, apá rẹ̀ á ti ṣe àtúnṣe kí ọpọlọ tó mọ̀. Kò sí ọ̀pá ìṣirò Barth níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó nílò rẹ̀.

Ẹni tó wá mú ọwọ́ kúrò pátápátá ni John Parsons, ní Traverse City, Michigan. Ní àwọn ọdún 1940, ó ń ṣe apá tó ń yí lórí hẹlikọ́pítà. Ẹnjiníà rẹ̀, Frank Stulen, fi ẹ̀rọ káàdì oníhò IBM ṣirò bí ara apá náà ṣe yẹ kó tẹ̀, wọ́n sì ń gé àwòṣe rẹ̀ báyìí: ẹnì kan á máa ka nọ́ńbà sókè, ẹni méjì á máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ọ̀kan sọ́tùn-ún sósì, èkejì síwájú sẹ́yìn. Parsons béèrè ìdí tí káàdì náà kò fi lè yí ọwọ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ní 1949 ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà fún un lówó, ó pe MIT sí iṣẹ́ náà, nígbà tó sì di 1952 MIT fi ẹ̀rọ tó ń gé irin láti orí tépù oníhò han aráyé.

Ọ̀nà mìíràn wà nígbà náà, ó sì yẹ kí a dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ilé-iṣẹ́ General Electric ṣe ẹ̀rọ tó ń gba ìrìn ọwọ́ òṣìṣẹ́ sórí tépù. Àgbà oníṣẹ́ á gé ti àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, á dẹwọ́ níbi tó yẹ, á tẹ̀ ẹ́ níbi tó yẹ. Ẹ̀rọ á sì máa tún un ṣe bó ti ṣe é. Kò gbilẹ̀. Owó ológun wà lọ́dọ̀ MIT, apá ọkọ̀ òfuurufú tó díjú sì fẹ́ ìṣirò. Àwọn tó kọ ìtàn náà lẹ́yìn wọn tún ṣàkíyèsí pé inú àwọn ọ̀gá dùn sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè darí láti ọ́fíìsì ju èyí tí òṣìṣẹ́ kan ń kọ́ níṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà Midvale tún padà dé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ibi kan náà.

Tépù kò ní etí, kò ní imú. Gbogbo ohun tí ọwọ́ ń ṣe láìrò gbọ́dọ̀ wà nínú nọ́ńbà kí abẹ tó kan igi. Nínú èdè tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gbọ́, tí wọ́n kọ ìlànà rẹ̀ tó ṣì wà ní lílò títí dòní sílẹ̀ ní 1980, lẹ́tà S ń sọ ìyára yíyí, lẹ́tà F ń sọ ìtẹ̀síwájú. Lẹ́tà méjì péré ló kù lára tọ́ọ̀nù 360 èérún irin.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló ń lò wọ́n. Ní 1996 ni Ted Hall, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ọpọlọ ní Yunifásítì Duke tó ń fi plywood kan ọkọ̀ ojú omi, bẹ̀rẹ̀ ShopBot ní Durham, North Carolina, láti ta router CNC tí apá ṣọ́ọ̀bù kékeré ká. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, ọjà Ṣáínà sì mú un pọ̀ káàkiri ayé. Lónìí ẹni tí kò di abẹ lọ́wọ́ rí lè ra ẹ̀rọ tó ń yí ní ìgbà 24,000 ní ìṣẹ́jú kan.

Àṣìṣe tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa kọ́kọ́ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ẹ̀rù á bà á, á jẹ́ kí abẹ máa yí dé góńgó, á sì ní kó máa rìn jẹ́jẹ́. Yorùbá ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ló sì jẹ́rìí sí i. Níbi router, ẹ̀sọ̀ náà gan-an ló ń ba abẹ jẹ́, ìdí rẹ̀ sì hàn bí a bá ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní abẹ ẹlẹ́nu méjì ń yí ní 18,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń bu igi jẹ ní ìgbà 36,000. Bí a bá fẹ́ kí èérún kọ̀ọ̀kan nípọn tó mìlímítà 0.3, abẹ náà gbọ́dọ̀ rìn ní mìlímítà 10,800, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mọ́kànlá, ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ẹ̀rù bà á fi í sí mítà mẹ́ta. Èérún rẹ̀ kò tó mìlímítà 0.1 mọ́. Abẹ kò bu igi jẹ mọ́, ó ń rá a lára. Irin ń gbé ooru lọ sínú ara rẹ̀, igi kì í gbé e. A kò sì lè da omi Taylor sórí MDF. Èérún tó nípọn nìkan ló kù tó lè gbé ooru náà jáde. Bí kò bá sí èérún, inú abẹ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ: etí igi á dúdú, òórùn á gba ṣọ́ọ̀bù, ẹnu kábáìdì tó yẹ kó lo ọjọ́ púpọ̀ á sì kú láàárín wákàtí mélòó kan.

Ohun tó yẹ kó ṣe wà nínú ọ̀rọ̀ 1906: kó dín yíyí kù, kó jẹ́ kí ìtẹ̀síwájú wà. Ìyára ló ń pa abẹ.

Síbẹ̀, páálí tí abẹ wà nínú rẹ̀ kò mọ igi tó wà lórí tábìlì. Kò mọ̀ bóyá mahogany náà gbẹ tàbí ó ṣì tutù, bóyá tábìlì ń gbọ̀n, bóyá ohun tó di pákó mú ń yọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ CNC fi ń fi kọ́kọ́rọ́ kan sí i, èyí tí èèyàn lè fi fa ìtẹ̀síwájú sókè tàbí sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ohun yòówù kí F sọ. Àgbà oníṣẹ́ kì í jìnnà sí i. Bí ohùn abẹ bá lọ sókè tó ń han, á fà á sókè. Bí mọ́tò bá ń kérora, á fà á sílẹ̀ díẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ńlá, èérún gan-an kì í hàn mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku ti gbé e lọ kó tó balẹ̀, èyí sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi tuntun bá dé, ẹni tó mọ iṣẹ́ á wọ ìbòmú, á pa ẹ̀rọ eruku fún ìlà kan péré, á gé e lára àjókù pákó, á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Á bu ohun tó já bọ́ sáàárín ìka méjì. Bí ó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á padà sídìí kọ̀ǹpútà lọ yí F. Bí ó bá jẹ́ èérún wẹ́wẹ́ tó tutù, tó sì ṣe rẹ́gí, á tan ẹ̀rọ eruku padà, á gbé ojúlówó pákó sórí tábìlì.